Ẹsẹ̀ bàtà 10: bí combo jagunjagun kan ṣe fẹ́ tú tábìlì wa ká

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní tábìlì D&D wa ni (Dungeons & Dragons, géèmù ìtàn tí wọ́n ń fi dáìsì gbá), ní London níbí, èmi ni DM, ìyẹn ẹni tó ń sọ ìtàn, àwọn mẹ́rin ló ń gbá géèmù náà, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, a sì máa ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ látòkèdélẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń jà lórí combo tó lágbára jù, ìyẹn agbára méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dà pọ̀, damage ni wọ́n máa ń kà, ìyẹn iye ọgbẹ́ tí wọ́n dá sára ọ̀tá, ẹni yìí á ní tòun ń ṣe 60 lẹ́ẹ̀kan, ẹni yẹn á ní tòun ń ṣe 90. Tiwa kì í ṣe damage o. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ló fẹ́ tú wa ká, kò sì sẹ́ni tó rí i nínú wa fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Fún ẹni tí ò bá mọ géèmù yìí rí, 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ló ń sọ ìtàn, òun náà ló ń darí gbogbo ọ̀tá àti gbogbo ará ìlú, òun là ń pè ní DM. Àwọn tó kù, ẹni kọ̀ọ̀kan ló ní èèyàn kan ṣoṣo tó ń lò, dáìsì olójú 20 ló sì ń sọ bóyá nǹkan tó o fẹ́ ṣe máa bọ́ sí i àbí kò ní bọ́ sí i. Òfin ẹ̀dà karùn-ún, èyí tó jáde ní 2014, là ń lò.

Àwọn mẹ́rin tó wà ní tábìlì mi rèé. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ àbúrò ọ̀rẹ́ mi ló ń lo fighter, a kàn ń pè é ní Jagunjagun ni, òun ló kéré jù, ó sì máa ń ka ìwé òfin bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́la. Ẹnì kan ń lo cleric, Wòlíì là ń pè é. Ẹnì kan ń lo wizard, Onídán nìyẹn. Àǹtí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ló ń lo rogue, olè ẹgbẹ́ wa. Ẹ fi Àǹtí yìí sọ́kàn o.

Jagunjagun mú human tó fún un láyè láti gba feat kan, ìyẹn àkànṣe agbára, láti lẹ́fẹ̀lì 1, ó mú Polearm Master. Ohun ìjà tó ń lò ni glaive, igi gígùn tí wọ́n de abẹ idà mọ́ lórí. Idà lásán, ẹsẹ̀ bàtà 5 ló lè bá ọ̀tá, àmọ́ glaive ń bá ọ̀tá ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Lórí máàpù wa, àpótí kéékèèké kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, ilé là ń pè é bíi ti ọpọ́n ayò, ìyẹn ni pé ọwọ́ rẹ̀ ń dé ilé kejì. Polearm Master wá jẹ́ kó lè fi ìdí igi yẹn gbá ọ̀tá ní àfikún lẹ́yìn tó bá ti fi abẹ gé e, ó tún jẹ́ pé bí ọ̀tá kankan bá kàn fẹsẹ̀ wọ inú ẹsẹ̀ bàtà 10 yẹn, Jagunjagun lè lù ú kí onítọ̀hún tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, irú lílù yẹn ni wọ́n ń pè ní opportunity attack. Nígbà tó dé lẹ́fẹ̀lì 4, ó mú Sentinel. Sentinel ní tó o bá fi opportunity attack lu ẹnì kan báyìí, ẹsẹ̀ onítọ̀hún kú nìyẹn, kò lè rìn mọ́ títí ìgbà tiẹ̀ á fi parí.

Bí o bá wo feat kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fi méjèèjì pọ̀ kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Ogre, irú òmìrán kan, ń bọ̀ tìbínú-tìbínú, ó fẹsẹ̀ kan ilé kejì sí Jagunjagun, glaive bà á, ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró síbẹ̀. Kùmọ̀ ọwọ́ ogre ò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Ilé kan ṣoṣo tó ṣófo ló wà láàrin wọn, ogre ò sì lè bọ́ sínú ẹ̀, ó kàn dúró ń wò ni. Tó bá wá kan Jagunjagun, á gé e, á fi ìdí igi gbá a, á wá fẹsẹ̀ sún sẹ́yìn bí ilé méjì, kò sì sí ìyà kankan fún sísún yẹn torí kò sí lábẹ́ ọwọ́ ogre tẹ́lẹ̀. Tó bá tún kan ogre, ó di dandan kó tún wọ inú ẹsẹ̀ bàtà 10 yẹn, glaive á tún bà á, á tún dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń lọ títí ogre á fi kú.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ rí i, lẹ́fẹ̀lì 4 ni gbogbo wọn. Ogre mẹ́ta ni mo gbé sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan. Mo ti ṣírò ẹ̀ dáadáa nílé o, ogre kan jẹ́ XP 450 (nọ́ńbà tí ìwé fi ń díwọ̀n bí ọ̀tá ṣe le tó), mẹ́ta jẹ́ 1350, ìwé ní kí n fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ torí pé wọ́n pé mẹ́ta, ó di 2700, bẹ́ẹ̀ 2000 ni ìwé pè ní ìjà tó lè pa èèyàn fún ẹni mẹ́rin ní lẹ́fẹ̀lì yẹn. Mo lérò pé ẹnì kan máa ṣubú lọ́jọ́ náà, mo tiẹ̀ ti ń ro ohun tí mo máa sọ fún un. Ìjà bẹ̀rẹ̀, ìjà parí, ogre mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú, kò sẹ́ni tí wọ́n fọwọ́ kàn.

Èmi ni mo ya máàpù yẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ni mo yà, ilé méjì péré ni fífẹ̀ rẹ̀. Ogre tóbi, ilé mẹ́rin ló ń gbà lórí máàpù, méjì síwájú méjì sẹ́yìn, tó bá dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ó ti dí i pa bí ìgbà téèyàn fi ìdérí dé ìgò. Òfin gba ogre kejì láyè kó gba ara ogre àkọ́kọ́ kọjá, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró sínú ilé tí ẹlòmíì wà, ilé kan péré tó ṣófo láàrin ogre àkọ́kọ́ àti Jagunjagun ò sì lè gba ẹ̀dá tó ń lo ilé méjì ní gígùn. Torí náà ogre mẹ́ta di ogre kan, ẹyọ kan, ẹyọ kan, wọ́n ń tò wá bí ẹni tò sí báǹkì.

Ohun tó tún dùn mí jù nígbà tí mo padà wo ìwé ni pé ogre ní javelin, ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń jù. Ó wà lójú ewé ẹ̀, kò fara pamọ́, ó lè jù ú dé ẹsẹ̀ bàtà 30 láìsí ìṣòro, 2d6+4 ni damage ẹ̀, ìyẹn dáìsì olójú 6 méjì, ká fi 4 kún un. Ogre tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú lè ju javelin. Mi ò jù ú rárá. Kùmọ̀ nìkan ni mo rí.

Gbogbo wa la pariwo ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́. Àǹtí náà pariwo. Ó ti ta ọfà bíi mẹ́ta mẹ́rin látẹ̀yìn Jagunjagun, ọ̀kan ṣe 6, ọ̀kan ṣe 8, àwọn tó kù ò bà á. Kò sẹ́ni tó fiyè sí ìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n dé lẹ́fẹ̀lì 6, Jagunjagun mú Great Weapon Master. Ti 2014 ni mò ń sọ o, ìyẹn pé kó o tó ju dáìsì, o lè yọ 5 kúrò lára àǹfààní tó o ní láti bá ọ̀tá, tó bá wá bà á, wàá fi 10 kún damage. Ó ti di glaive +1 báyìí, agbára ẹ̀ jẹ́ 16, tó túmọ̀ sí +3, gígé kan pẹ̀lú ewu yẹn di 1d10+14, fífi ìdí igi gbá ọ̀tá di 1d4+14. Ó ń gé lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ó ń fi ìdí igi gbá lẹ́ẹ̀kan, tó bá lo Action Surge, agbára fighter tó ń fún un láyè sí i, á tún gé lẹ́ẹ̀mejì sí i. Yíyọ 5 yẹn yẹ kó ká a lọ́wọ́ kò ní tòótọ́, àmọ́ Wòlíì ń fi Bless kún un, 1d4 lórí gbogbo dáìsì tó bá jù, Jagunjagun fúnra ẹ̀ sì jẹ́ Battle Master, irú fighter kan, ó ní d8 mẹ́rin tó lè fi gbé dáìsì tó kùnà díẹ̀ dìde. Mo ní troll kan tí mo ti ń fi ìtàn pọ́n fún wọn láti oṣù méjì, àwọn ará abúlé ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ tẹ̀rùtẹ̀rù, mo ti ṣe ohùn ẹ̀ sílẹ̀. HP 84 (iye ọgbẹ́ tó lè gbà kó tó kú), AC 15 (iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á), ọgbẹ́ ẹ̀ sì ń san fúnra ẹ̀ ní 10 ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án, àfi tí wọ́n bá fi iná tàbí ásíìdì bà á.

Troll ló kọ́kọ́ kàn. Ó sáré wọlé, glaive bà á, 19, ó dúró ní ilé kejì. Èékánná ẹ̀ ò dé ẹnikẹ́ni. Ó wá kan Jagunjagun, ó lo Action Surge, 22, 16, ìkẹta kò bà á, 24, ó fi ìdí igi parí ẹ̀ pẹ̀lú 17. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 98. Onídán ju iná lé e lórí kó má baà jí, ìyẹn ni nǹkan kan ṣoṣo tí ẹlòmíì ṣe nínú ìjà tí mo fi oṣù méjì sè. Mi ò tíì lo ohùn troll yẹn dòní.

Àǹtí ò tíì kàn rárá nígbà tí ìjà parí. Mo rí i tó gbé fóònù ẹ̀, tó ń wo aago.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mi ò rò pé mo máa lè wá mọ́. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní òun ń ti iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀ Sátidé, òun á sùn wákàtí mẹ́ta, òun á wọ bọ́ọ̀sì méjì wá, òun á jókòó wákàtí mẹ́rin, kí òun ju dáìsì ẹ̀ẹ̀mẹta kó ṣe 7. Mo bi í pé ṣé Jagunjagun ló ṣẹ̀ ẹ́, ó ní rárá o, ọmọ dáadáa ni, òun lòun ò mọ̀ ọ́n gbá. Ó ní òun tiẹ̀ ti lọ ra dáìsì tuntun torí òun rò pé èyí tóun ń lò ni ò dáa.

Ọ̀rọ̀ dáìsì tuntun yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Èèyàn fi owó ara ẹ̀ ra dáìsì torí ó gbà pé ẹ̀bi òun ni, èmi tí mo jẹ́ DM sì jókòó síbẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rin tí mi ò rí nǹkan kan.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ohun tí mo wá kọ́kọ́ ṣe ò dáa, kí n sọ ọ́ báyìí. Mo ní mo fẹ́ tún nǹkan ṣe, mo wá gbé manticore méjì wá, wọ́n ń fò, wọ́n lè ta ẹ̀gún ìrù wọn láti ẹsẹ̀ bàtà 100, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n balẹ̀ rárá. Jagunjagun ju javelin méjì tó ní lára, ó bá kàn jókòó. Fún bíi wákàtí méjì, ọmọ yẹn ò rí nǹkan ṣe. Ìyà tó jẹ Àǹtí ni mo gbé lé e lórí. Nígbà tá a ń palẹ̀ mọ́, tí àwọn yòókù ti ń wọ kóòtù, ó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, ó ní, Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi. Ojú tì mí. Kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí ìwé gbà á láyè láti mú ló mú, ó mú un ní gbangba, ó tiẹ̀ sọ fún mi kó tó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo ní kò burú.

Mo ní kí òun àti Àǹtí wá sílé mi lọ́jọ́ Sunday kan, ká má gbá géèmù, ká kàn jọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo tẹ́ máàpù ọ̀dẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn sórí tábìlì ìdáná, a fi ìdérí ìgò ṣe ogre, ẹ̀wà pupa kan ni Jagunjagun, ẹ̀wà funfun kan ni Àǹtí. A tún ìjà yẹn jà díẹ̀díẹ̀, a ń sọ òfin kọ̀ọ̀kan síta.

Àwọn àṣìṣe kan kọ́kọ́ jáde, kékeré ni. Reaction, ìyẹn àǹfààní láti lu ẹni tí kò tíì kàn ẹ́ láti lù, ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn ní ní ráúǹdù kan, títí á fi tún kan òun fúnra ẹ̀. A mọ̀ ọ́n, àmọ́ nínú ìjà kan tá a bá goblin jà ní gbangba oko, mo jẹ́ kó dá mẹ́ta dúró ní ráúǹdù kan ṣoṣo torí ariwo pọ̀, ẹnikẹ́ni ò kà á. Yíyọ 5 yẹn náà, ó yẹ kó ti sọ ọ́ kí dáìsì tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, àwa ti sọ ọ́ di pé ó jù ú, ó wò ó, ó ní ah, ìyẹn wọlé kódà tá a bá yọ 5. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ni jẹ, a kàn fi ṣeré di bárakú ni.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀wà funfun. Àǹtí ní òun ta ọfà sí ogre. Jagunjagun ní kí òun bá a ṣírò ẹ̀, Sneak Attack yín dà? Àǹtí ní kò sí. Ó ní báwo ni kò ṣe ní sí, rogue lẹ jẹ́. Ó ṣí ìwé, ó kà á sókè. Kí rogue tó rí Sneak Attack lò, ìyẹn damage àfikún tiẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní advantage, ìyẹn kó ju dáìsì méjì kó mú èyí tó ga jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì tó jẹ́ ọ̀tá ẹni tó fẹ́ ta yẹn gbọ́dọ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí onítọ̀hún. Ó dákẹ́. Ó fi ìka kan ẹ̀wà pupa, ó kà á, ilé kan, ilé méjì, ìdérí ìgò. Ẹsẹ̀ bàtà 10.

Ó wojú Àǹtí, ó ní, Àǹtí, èmi ni mò ń jẹ dáìsì yín.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Gbogbo ohun tó mú kí combo yẹn dùn ni pé ọ̀tá ò lè sún mọ́ ọn. Ohun tí olè sì nílò ni pé kí ẹnì kan sún mọ́ ọ̀tá. Ní lẹ́fẹ̀lì 6, Sneak Attack jẹ́ 3d6, ní ìpín dọ́gba ó jẹ́ 10.5. Ọfà ẹ̀ lásán jẹ́ 1d6+4, ìyẹn 7.5. Nínú 18 tó yẹ kó máa ṣe nígbà tó bá bà á, 7.5 ló ń rí, èyí tó ju ìdajì lọ ti lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo yà wá fi kún un torí kò sí ibi tó lè sá pamọ́ sí láti fi gba advantage, ó sì ní láti ta ọfà gba ẹ̀yìn Jagunjagun, ẹni tó bá sì wà láàrin máa ń fún ọ̀tá ní +2 lórí AC. Ogre tó jẹ́ AC 11 di 13 fún òun nìkan. Dáìsì ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ó mú un jáde nínú báàgì ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, aláwọ̀ ewé tó mọ́ rekete, ó ní ẹ wò ó, ó ń jù ú lórí tábìlì, 17, 12, 19.

Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ka irú ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé combo kan lágbára jù. Wọ́n á ka ohun tó ń ṣe fún ọ̀tá, wọn ò ní ka ohun tó ń mú lọ́wọ́ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ.

A sọ̀rọ̀ pé ṣé ká pa combo náà rẹ́. Onídán tó gbọ́ sí i lẹ́yìn náà ní ká kàn bọ́ sí òfin tuntun ti 2024, mo sì lọ kà á. Ní tòótọ́ wọ́n ti tú u ká níbẹ̀. Nínú Polearm Master tuntun, lílu ẹni tó ń wọlé bọ̀ ti di reaction tó dá dúró, kì í ṣe opportunity attack mọ́, Sentinel sì sọ pé opportunity attack nìkan lòun ń pa ẹsẹ̀ fún, ìyẹn ni pé méjèèjì ò mọ ara wọn mọ́. Great Weapon Master tuntun náà ti ju yíyọ 5 fi 10 sí i nù. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ní ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2000, àwọn kan rí i pé tí jagunjagun tó ní Whirlwind Attack àti Great Cleave bá tú àpò eku sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, eku kọ̀ọ̀kan tó bá pa máa fún un ní gígé kan sí i lára ọ̀gá ọ̀tá tó dúró nítòsí, nígbà tí wọ́n tún ìwé ṣe ní 2003 ni wọ́n dí ihò yẹn. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà fúnra wọn mọ̀ nígbà tí nǹkan méjì ò bá yẹ kó pàdé.

Síbẹ̀ mo ní rárá. Ọmọ yìí ti fi feat mẹ́ta àti ọdún kan lé díẹ̀ kọ́ jagunjagun yẹn, mi ò ní jí i ní Sátidé kan kí n sọ fún un pé igi lásán ló gbé dání. Ohun tó wà lọ́wọ́ tèmi ni mo gbọ́dọ̀ tún ṣe kọ́kọ́. Mo ní mi ò ní ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ fún ìjà ńlá. Mo ní gbogbo ọ̀tá tí mo bá gbé wá, mà á ka ojú ewé ẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Fún Àǹtí, mo ní kó mú Steady Aim, èyí tó wà nínú ìwé Tasha tó jáde ní 2020, tó bá dúró sójú kan tí kò rìn, á fi bonus action, ìyẹn ìṣe kékeré àfikún, gba advantage fún ara ẹ̀. Onídán náà ní òwìwí òun wà, òun ò kàn lò ó sójú ìjà rí, òun á máa rán an lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá. Jagunjagun ò sọ pé òun máa ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń yí ẹ̀wà pupa yẹn lórí máàpù, ilé kan síwájú, ilé kan sẹ́yìn.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ya gbọ̀ngàn ńlá kan tó ti wó, òpó méje, ọ̀nà mẹ́ta tó wọ inú ẹ̀. Ogre méjì, goblin mẹ́fà tó ní ọfà. Goblin kọ́kọ́ ta, ọ̀kan bá Wòlíì. Ogre àkọ́kọ́ já wọlé, glaive bà á, 20, ẹsẹ̀ ẹ̀ kú ní ilé kejì. Mo ní, ogre wo ilẹ̀, ó fa javelin yọ. Ẹ ò rí ojú Jagunjagun. Mo jù ú, ó bà á, 13. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fara gba nǹkan láti nǹkan bí oṣù méjì nìyẹn, Wòlíì tiẹ̀ na apá sókè. Ogre kejì gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, reaction ti tán lọ́wọ́ Jagunjagun, kò lè ṣe nǹkan kan sí i, ogre lọ bá Onídán tààrà, Onídán ní láti fi Misty Step pòórá kúrò níbẹ̀ nígbà tó kàn án. Àǹtí wà lẹ́yìn òpó kẹta, ó pa goblin kan.

Ó wá kan Jagunjagun. Ohun tó máa ń ṣe la mọ̀, á gé e, á sún sẹ́yìn. Ó sọ pé òun máa yọ 5, ó sọ ọ́ kó tó ju dáìsì. Àkọ́kọ́ ò bà á. Ìkejì bà á, 17. Ìdí igi ò bà á. Ó ku HP 22 fún ogre. Jagunjagun gbé ère ẹ̀, gbogbo wa rò pé ó fẹ́ fà á sẹ́yìn, ó gbé e síwájú, ilé kan, ó fi í ti ogre lára. Onídán ní, kí lo ń ṣe? Kò dá a lóhùn. Ó ní, Àǹtí, ó ti di ẹsẹ̀ bàtà 5 o.

Ráúǹdù tó tẹ̀lé e, ogre gbé kùmọ̀ sókè, ó bà á, 17. Jagunjagun fi ìrésà pa HP ẹ̀ rẹ́ títí bébà náà fi fẹ́ ya, ó kọ tuntun sí i. Àǹtí ta ọfà. Dáìsì aláwọ̀ ewé, 16, ó wọlé. 5 pẹ̀lú 4 jẹ́ 9. Ó ko d6 mẹ́ta sọ́wọ́, ó mì wọ́n pẹ́ gan-an, ó tú wọn sórí tábìlì, 6, 5, 4. Gbogbo ẹ̀ 24.

Mo dá ogre náà wó lulẹ̀. Mo ní kí Àǹtí sọ bó ṣe kú, ó sì sọ ọ́, ó gùn, ó lé ní ìṣẹ́jú kan, kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Nígbà tá a ń palẹ̀ mọ́ ló bi mí Sátidé tá a máa tún pàdé, ó ní kí n tètè sọ ọ́ torí òun fẹ́ bá ẹnì kan pààrọ̀ iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Friday.